Èyí Tó Ní Rọ́bà Pupa

3.

…àga onírin náà sì rèé, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju mẹ́ta yòókù lọ. Ẹni tó bá jókòó lé e kò lè tòògbé, kò sì lè ṣe fáàrí. Dandan ni kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ojú ẹni tó bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ kì í purọ́.

(Fọ́tò kẹta. Àga náà lórí símẹ́ńtì. Nísàlẹ̀, lápá òsì, ìka méjì.)


4.

Dúró-Jẹ́ẹ́ ló kọ ohun tí ẹ kà tán yẹn. Ayàwòrán ni, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti wọ inú ìwé ìbí lọ, kò sì jáde mọ́. Gbogbo ẹni tó ti jókòó níwájú kámẹ́rà rẹ̀ rí ló ń pè é ní Dúró-Jẹ́ẹ́, torí ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ fún wọn nìyẹn. Dúró jẹ́ẹ́. Má mì. Ó ti tó.

Ìwé ìròyìn olóṣooṣù kan ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Wọ́n ní kó kọ nǹkan mẹ́wàá tó fẹ́ràn jù nínú ohun tójú ń rí lójoojúmọ́: èyí tí wọ́n fọgbọ́n ṣe, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọnà, èyí tó fi ń ṣiṣẹ́, èyí tó ń dá a lára yá. Kó kọ ọ́, kó sì ya fọ́tò wọn. Inú rẹ̀ dùn. Ó ra bírò tuntun.

Ọ̀sẹ̀ tí inú rẹ̀ dùn yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde nílé tí kò padà wá.

Mo fẹ́ fi ìyẹn pamọ́ di ẹ̀yìn ni. Ó kọ̀.


2.

(Ó yẹ kí èyí ti ṣáájú. Ẹ má bínú. Bí mo ṣe ń tò ó ló ń tú.)

Ìkejì nínú ohun tí mo fẹ́ràn: lẹ́tà tí akunlé kan fi ọ̀dà dúdú kọ sára géètì kan nítòsí ilé mi. Ẹni náà mọ lẹ́tà í kọ. A rẹ̀ dúró bí àkàbà, S rẹ̀ ń jó. Ohun tó kọ rèé:

MA PAAKI SIBI O

Kò fi àmì kankan sí i. Onílé ní òun sọ pé ẹ MÁ páàkì. Àwọn onímọ́tò ní àwọn rí i pé ẹ MÁA páàkì. Lójoojúmọ́ ni mọ́tò mẹ́ta máa ń wà níbẹ̀, lójoojúmọ́ ni onílé sì máa ń jáde wá bú wọn. Mo máa ń lọ síbẹ̀ lọ rẹ́rìn-ín.


5.

Ìkarùn-ún: pátákó funfun. Páálí fìríìjì ni tẹ́lẹ̀, a kun ojú rẹ̀ kan ní ọ̀dà funfun. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn ẹni tí mo fẹ́ yà, pátákó yìí á gba ìmọ́lẹ̀ náà, á dá a padà sójú ẹni náà. Mo ti rí èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Kò tó o.

Ohun tí kò kọ síbẹ̀ ni pé pátákó kì í dá dúró. Ẹnìkan ní láti gbé e.


6.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé e. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Òun ló kọ́kọ́ ní kámẹ́rà nínú ilé, òun ló sì kọ́ àbúrò rẹ̀ níṣẹ́. Nígbà tó rí i pé ojú àbúrò òun mú ju tòun lọ, ó gbé kámẹ́rà lé e lọ́wọ́, ó sì lọ gbé pátákó. Kò jowú. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí ì bá jowú títí ọ̀la.

Wọ́n jọ ń gbé ni. Òun kò fẹ́yàwó, ọkọ àbúrò sì ti lọ tipẹ́. Bí àwọn oníbàárà bá ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá dúró ti wa, ká jọ yà á,” á mi orí, á ní: “Ẹni tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ kì í wọ inú àwòrán.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Dúró-Jẹ́ẹ́ náà á rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn kan gbé e ṣánlẹ̀ ní balùwẹ̀. Ó dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sípò, ọwọ́ rẹ̀ padà sípò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò padà tán. Ó ku bíi ogún ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú wọn.


7.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n ti ya nǹkan mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán. Ẹ̀gbọ́n gbé pátákó sílẹ̀, ó lọ jókòó lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi.
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Kí lẹ wí, Bọ̀ọ̀dá mi?
Ẹ̀GBỌ́N: Èmi.
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Ẹ fẹ́ mumi ni?
Ẹ̀GBỌ́N: Èmi. Fọ́tò.

Ó fi fíìmù tuntun sínú kámẹ́rà. Méjìlá péré ni fíìmù yẹn ń yà, ó sì ya méjèèjìlá, ojú nìkan, ojú nìkan. Ó gbé pátákó ti ògiri. Kò sọ pé dúró jẹ́ẹ́, torí kò tíì rí ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń sunkún lẹ́yìn kámẹ́rà, ẹ̀rù sì ń bà á kí omijé má kán sórí dígí.

Nígbà tó tán, ó fi rọ́bà pupa kan di fíìmù náà, kó má baà dà pọ̀ mọ́ èyí tí nǹkan mẹ́wàá wà nínú rẹ̀.


8.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n ti ń béèrè. Lórí tábìlì oúnjẹ: “Fọ́tò dà?” Lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀: “Fọ́tò dà?” Bí ọmọ tí wọ́n ṣèlérí bàtà fún.

Ọ̀dọ̀ ẹnìkan ṣoṣo ló kù tí wọ́n ti lè fọ irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Bàbá arúgbó kan ni, tí gbogbo ayàwòrán ń pè ní Alágbàfọ̀. Bí ẹ bá béèrè rẹ̀ ládùúgbò, wọ́n á ní kí ẹ kó aṣọ yín wá. Yàrá òkùnkùn kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, ibẹ̀ ló ń fi oògùn fọ fíìmù. Kì í gbé ìpè nígbà tó bá wà nínú rẹ̀, ìgbà gbogbo ló sì wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Dúró-Jẹ́ẹ́ gbé fíìmù méjèèjì lọ bá a.

ALÁGBÀFỌ̀: Oògùn ti fẹ́ẹ́ tán. Èyí tó kù níbí, ẹyọ kan ló lè fọ̀. Òmíràn ṣì wà lórí omi, ó di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Ẹyọ kan?
ALÁGBÀFỌ̀: Ẹyọ kan ṣoṣo. Fi méjèèjì sílẹ̀ níbí, lọ rò ó. Èyí tó o bá fẹ́, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi.

Ó rò ó. Ìwé ìròyìn ń dúró de nǹkan mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n ń dúró de ojú ara rẹ̀. Kò rò ó pẹ́. Ẹ̀gbọ́n ló yàn, inú rẹ̀ sì tutù.


9.

Ìkeje: fóònù mi. Alábọ́tìnì ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kò ní kámẹ́rà, èmi náà ò sì wá kámẹ́rà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní kànga kì í gba omi lọ́wọ́ aládùúgbò. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ó ń pè, ó ń gbà, ó ń fọhùn. Ohun tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí kì í ṣe àṣejù, iṣẹ́ ọnà nìyẹn.

*

Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin:

> Baba e ku ise. E ma fo eyi to ni roba pupa. Mo n bo lojo Eti.


10.

Ìkẹsàn-án: rédíò kékeré tó ń lo bátìrì méjì. Mo fẹ́ràn kí wọ́n sọ bọ́ọ̀lù fún mi ju kí n wò ó lọ. Bí asọbọ́ọ̀lù bá ti pariwo pé “ó gbá a!”, èmi ni mo máa ya àwòrán rẹ̀ nínú orí mi. Fíìmù ibẹ̀ kì í tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ó ń kọ gbólóhùn yìí gan-an lọ́wọ́ nígbà tí rédíò kú. Ẹ̀gbọ́n ní, “Bátìrì.” Dúró-Jẹ́ẹ́ ní, “Ẹ yára bọ̀ o, Bọ̀ọ̀dá mi.”

Kò gbé ojú sókè.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bátìrì kò ju ilé mẹ́rin lọ sí tiwọn. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ní òun rí i tó kọjá, òun kí i, ó juwọ́ sóun, ó ń lọ tààrà.


11.

Àgọ́ ọlọ́pàá. Ọjọ́rú, àárọ̀. Obìnrin ọlọ́pàá kan ló wà nídìí káńtà, ó sì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́.

ỌLỌ́PÀÁ: Ṣé ó lè sọ ibi tó ń gbé fún èèyàn?
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Rárá.
ỌLỌ́PÀÁ: Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Rárá.
ỌLỌ́PÀÁ: A jẹ́ pé fọ́tò ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, mà. Gbogbo àgọ́ la máa fi ránṣẹ́ sí, àti àwọn ilé ìwòsàn. Bí wọn ò bá mọ ojú rẹ̀, kódà bó bá jókòó níwájú wọn, wọn ò ní mọ̀ pé òun ni. Ẹ mú tuntun wá.
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Kò sí.
ỌLỌ́PÀÁ: Nínú fóònù yín ńkọ́?
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Fóònù mi ò ní kámẹ́rà.
ỌLỌ́PÀÁ: Káàdì ìdánimọ̀?
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Omi ti wọ̀ ọ́. Ó ku etí kan.
ỌLỌ́PÀÁ: Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, mà?
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Mo máa ń ya fọ́tò.

Ọlọ́pàá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ìwé kan síwájú rẹ̀.


ÌWÉ ẸNI TÓ SỌ NÙ

Ọjọ́ orí: Mọ́kànlélọ́gọ́ta.
Gíga: Ọwọ́ rẹ̀ kan òkè fèrèsé láìga ẹsẹ̀.
Aṣọ tó wọ̀ jáde: N kò wò ó.
Orí àti irun: Ó ti ń funfun. Ó sábà máa ń dé fìlà.
Ojú:
Imú:
Ẹnu:
Àmì ara: Èékánná àtàǹpàkò òsì là sí méjì láti òkè délẹ̀. Gílóòbù gbígbóná jó o lẹ́yìn ọwọ́ ọ̀tún, àpá rẹ̀ gùn tó ìdajì ìka. Ìka kékeré ọ̀tún wọ́, kò ṣeé nà tán. Bó bá gbé nǹkan pẹ́, iṣan ọrùn ọwọ́ òsì máa ń yọ, ó máa ń pín sí mẹ́ta.

(Bírò pupa, nísàlẹ̀: *Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ ti ojú rẹ̀ náà.*)


12.

Orí bẹ́ǹṣì àgọ́ ọlọ́pàá ló wà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún: àtẹ̀jíṣẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn.

OLÓÒTÚ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Alágbàfọ̀ ti fi fọ́tò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n dára débi pé a ń jà lórí èyí tó máa wà níwájú ìwé.

Ó fò dìde. Ọlọ́pàá yíjú sí i. Ohun tó rò ni pé bí bàbá bá ti fọ èyí tí òun ò ní kó fọ̀, a jẹ́ pé ó ti rí oògùn sí i, ó sì ti fọ èyí tí òun ní kó fọ̀ tipẹ́tipẹ́. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìbànújẹ́ máa ń sọ èèyàn di òpè.

OLÓÒTÚ: Ohun kékeré kan mà. Nínú ìkẹta, ìka méjì wà lápá òsì. Nínú ìkẹfà, èyí tí mẹkáníìkì fi ṣọ́ọ̀kì ya ẹ́ńjìnnì sára ògiri, ìgbọ̀nwọ́ kan yọ. Nínú ìkẹsàn-án, òjìji ẹnìkan bo rédíò. Ṣé ká gé wọn kúrò?

Ó ti dé ẹnu géètì. Bó ṣe ń rìn ló ń tẹ èsì.

> E ma ge won


13.

DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Baba, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi mú fọ́tò yẹn, mo fẹ́ gbé e lọ fún ọlọ́pàá. Ẹ yára.
ALÁGBÀFỌ̀: Fọ́tò wo?
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Tẹ̀gbọ́n mi. Èyí tó ní rọ́bà pupa.
ALÁGBÀFỌ̀: Ó wà lórí pẹpẹ. Mi ò fọwọ́ kàn án.
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Ẹ ò fọwọ́ kàn án kẹ̀?
ALÁGBÀFỌ̀: Bó o ṣe wí. O ní kí n má fọ ọ́.
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Mo ní kí ẹ máa fọ ọ́!
ALÁGBÀFỌ̀: Dúró. (*Ó wá awò rẹ̀. Ó wá fóònù.*) “E… ma… fo.” Ohun tó wà níbí ni mo kà.
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Máa, Baba! Máa!
ALÁGBÀFỌ̀: Kò sí máa níbí, ọmọ mi. “Ma” kan ló wà níbí. Èmi rò pé o fẹ́ wá fọ ọ́ fúnra ẹ lọ́jọ́ Ẹtì ni. Mo ní níwọ̀n bí kò ti fẹ́ kí n fọwọ́ kan ìyẹn, èkejì ló ń kánjú sí. Mo bá fi oògùn tó kù fọ ọ́, mo fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn tó o sọ fún mi.
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Gbogbo ẹ̀?
ALÁGBÀFỌ̀: Gbogbo ẹ̀.
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Baba, ẹ̀gbọ́n mi sọ nù.
ALÁGBÀFỌ̀: Ẹni tó ń gbé pátákó?
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Òun.
ALÁGBÀFỌ̀: Yéè.

Arúgbó náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín àwọn ike oògùn rẹ̀. Dúró-Jẹ́ẹ́ ò bú u. Ó wù ú kó bú u, ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ sọ? Bàbá ka ohun tó rí.


13, lẹ́ẹ̀kan sí i.

DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Kò sí ohun míì tí wọ́n lè fi fọ ọ́?
ALÁGBÀFỌ̀: Mo gbọ́ pé àwọn kan ń fi kọfí ṣe é níbìkan.
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Ẹ ti ṣe é rí?
ALÁGBÀFỌ̀: Rárá.
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Bí kò bá gbà ńkọ́?
ALÁGBÀFỌ̀: Á dúdú. Kò sì ní funfun mọ́ láé.


13, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó mú fíìmù náà lọ́wọ́. Kò wúwo tó ẹyin. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà méjìlá, imú, ẹnu, gbogbo ohun tí ọlọ́pàá ń béèrè. Bó bá ṣí i kó wò ó, ìmọ́lẹ̀ á wọlé, ojú náà á sì lọ.

Ìmọ́lẹ̀ tí ọkùnrin yẹn fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé.


14.

OLÓÒTÚ: Ó dáa mà. A ti gé wọn. Ó mọ́ tónítóní báyìí.


15.

Àwọn tó pè ní Ọjọ́bọ̀, àti èsì wọn:

Ẹni tó jọ kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀: ó ti ta gbogbo ohun èlò yàrá òkùnkùn rẹ̀, páànù ló ń tà báyìí. Ó ní bí orúlé bá ń jò, kó má gbàgbé òun.

Ilé fọ́tò ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báǹkì: wọ́n béèrè pé kí ni fíìmù.

Olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga: oògùn wà lọ́dọ̀ òun. Ó lọ wò ó. Ó ti gbẹ.

Ọkọ rẹ̀ àtijọ́, tó wà lókè òkun: ó rántí pé òun fi fóònù ya gbogbo àwọn tó wà níbi ìsìnkú ìyá wọn. Ó wá a. Ó rí i. Gbogbo ẹbí ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wo iwájú, àfi ọkùnrin kan tó gbé pátákó bo ara rẹ̀ láti orí dé àyà.

“Ṣé òun nìyẹn?” ni ọkọ àtijọ́ béèrè.

Òun ni.


16.

Ọjọ́ Ẹtì ló tú àpótí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n wà nínú wọn. Ó tẹ́ fọ́tò sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tẹ́ ẹ dé ibi iná ìdáná. Ohun tó rí nìwọ̀nyí:

ìka, ìgbà igba ó lé
ìgbọ̀nwọ́, ìgbà mẹ́tàdínlógójì
bàtà, méje
òjìji orí àti fìlà, lára ògiri ilé ẹlẹ́ni, kò kà á tán
nínú dígí awò oníbàárà kan: ọkùnrin kékeré kan, kò tó hóró ìrẹsì. Ó fi gíláàsì amúǹkantóbi wò ó. Ó tóbi sí i. Ó di àmì tó funfun, àmì tó dúdú. Kò di ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ní ohun tójú ń wá lojú ń rí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ ọ́?

Òun ló ya gbogbo fọ́tò wọ̀nyí. Òun ló sọ fún un lójoojúmọ́ pé, “Ẹ bọ́ sẹ́yìn díẹ̀, Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ti ń wọlé.” Ọkùnrin náà á sì bọ́ sẹ́yìn.

Ó pariwo nínú ilé. Kò sẹ́ni tó gbọ́.


17.

┌─────────────────────┐

A Ń WÁ ẸNI YÌÍ

[ *fọ́tò: ọwọ́ ọkùnrin kan méjèèjì, wọ́n di etí pátákó mú* ]

Ó jáde nílé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì lè dárúkọ ara rẹ̀. Ẹ wo èékánná àtàǹpàkò òsì. Ẹ wo àpá ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún. Bí ẹ bá rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ fún un, kí ẹ sì pe nọ́mbà yìí.

Èèyàn dáadáa ni.

└─────────────────────┘


18.

Ohun tí àwọn tó dúró kà á sọ, níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, níṣojú Dúró-Jẹ́ẹ́ tó ṣì mú gọ́ọ̀mù lọ́wọ́:

“Ṣé ọwọ́ ló sọ nù ni?”

“Ẹni tó ni ọwọ́ ni.”

“Orí ẹ̀ wá dà?”

“Bóyá wọn ò fẹ́ ká mọ̀ ọ́n.”

“Fọ́tò yẹn mà dáa o. Ta ló yà á?”


19.

Ìkẹwàá nínú ohun tí mo fẹ́ràn:

(Ó ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ti fi bírò pa á rẹ́. Mo gbé ìwé náà sójú oòrùn, mi ò rí i kà.)


20.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mọ́kànlá àárọ̀. Nọ́mbà tí kò mọ̀.

OBÌNRIN TÓ PÈ: Ẹ ǹlẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń wá ọwọ́?
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Èmi ni! Èmi ni, mà! Ẹ ti rí i?
OBÌNRIN: Mi ò tíì mọ̀. Èmi ni mo máa ń gbálẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó wà lẹ́yìn afárá. Bàbá kan wà níbí látàárọ̀. Mo kí i, kò dáhùn.
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Ẹ bá mi wo àtàǹpàkò rẹ̀ òsì.
OBÌNRIN: Ọwọ́ ẹ̀ wà nínú àpò.
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Ẹ ní kó yọ ọ́.
OBÌNRIN: Mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń wò mí ni. Mi ò sì lè ki ọwọ́ bọ àpò ẹlẹ́ni, Màmá. Ẹ sọ bójú ẹ̀ ṣe rí fún mi, ẹ jẹ́ kí n wò ó.
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Ojú rẹ̀…
OBÌNRIN: Ṣé imú ẹ̀ gùn ni, àbí ó tẹ́? Ṣé ẹyinjú ẹ̀ tóbi?
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Ó… Bó bá ń wo èèyàn, ó máa ń dà bíi pé… Ojú rẹ̀ dáa.
OBÌNRIN: Ojú ẹ̀ dáa.
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.
OBÌNRIN: Ojú tèyí náà ò burú. Kí lẹ fi jẹ́ síra?
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Àbúrò rẹ̀ ni mí. A jọ ń gbé ni.
OBÌNRIN: Ẹ jọ ń gbé?
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Mò ń bọ̀. Mo ti wà lójú ọ̀nà. Ẹ má jẹ́ kó lọ. Ẹ gbọ́, mà? Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó lọ!
OBÌNRIN: Ọkọ̀ kan ti dé. Gbogbo wọn ti ń dìde.
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Òun náà?
OBÌNRIN: Òun náà.
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Ẹ dì í mú!
OBÌNRIN: Kí n di ẹni tí mi ò mọ̀ mú, kí n ní kí ló ṣe? Bí kì í bá ṣe òun ńkọ́?
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Ó ti yọ ọwọ́ rẹ̀? Bó bá fẹ́ gòkè, á yọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ tó fi di ilẹ̀kùn mú. Ẹ bá mi wò ó. Àtàǹpàkò òsì. Ẹ jọ̀ọ́. Kí lẹ rí?
OBÌNRIN: Wọ́n ń ti ara wọn.
DÚRÓ-JẸ́Ẹ́: Kí lẹ rí, mà?
OBÌNRIN: Èèyàn pọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, Màmá. Ọwọ́ pọ̀.